Ọba Ló Fi Ọ̀bẹ Gún Un

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé orí omi wa ní Ìlàjẹ, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ara mi ò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dòní, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Tíṣà wa kọ́ wa ní eré kan: ọba kan gún àbúrò rẹ̀ pa nítorí adé. Èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ ọba sórí jù, àmọ́ tíṣà ní obìnrin kì í jọba, kí n ṣe olorì. Gbólóhùn kan péré ni olorì ní: "Kábíyèsí, àbúrò yín ń wo adé yín." Lọ́jọ́ tí a ṣe é ní gbọ̀ngàn abúlé, mo sọ ọ́, mo tiẹ̀ fi ojú ṣàpèjúwe rẹ̀! Ọba yọ ọ̀bẹ, ó pa àbúrò rẹ̀, gbogbo èrò sì ń nàka sí èmi.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí màbo. Ọmọkùnrin tó ṣe ọba, "Kábíyèsí!" ni wọ́n ń kí i létí omi, wọ́n ń fún un lẹ́ja. Èmi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àwọ̀n àwọn.

Kò pẹ́, ọjọ́ ìdánwò ìwọlé sí girama pé, Igbókòdá la ti máa ṣe é. Bàbá tó ń fọkọ̀ kó wa wò mí, ó ní, "Olorì ò ní wọ ọkọ̀ mi. Ta ló mọ ohun tó máa sọ sí mi létí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tukọ̀ lọ. Ọba jókòó níwájú, ó ń juwọ́ sí mi. Inú bí mi dé góńgó.

Ìyá mi fi ẹja tó ń yan sílẹ̀, ó gbé àjẹ̀. A tukọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Nígbà tí a dé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Nígbà tí ọdún yípo, bàbá mi ní mo ti dàgbà, obìnrin ò nílò girama kó tó yan ẹja. Bí mo ṣe di ẹlẹ́ja nìyẹn.

Ayé ti yí padà o. Ẹ̀ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ sáré báyìí, òkun sì ti gbé gbọ̀ngàn tí a ti ṣeré náà lọ. Obìnrin ń ṣe dókítà, ó ń ṣe adájọ́. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìwé eré kan. Wọ́n ní ta ni ìkà inú rẹ̀. Ó kọ "ìyàwó" sílẹ̀. Mo ní, "Ta ló pààyàn?"

"Ọkọ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí tíṣà kọ́ wa nìyẹn."

Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ ohun tó rí. Bí tíṣà bá bínú, kó wá bá mi nílé.

Kò tíì wá. Mò ń retí rẹ̀.