Oògùn Tí Bàbá Mi Fi Pa Iwájú Orí

Òórùn gàrí yíyan ló gba gbogbo Lálúpọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òórùn èébì ló gba ilé tiwa. Ara Dàpọ̀, àbúrò mi ọmọ ọdún méjì, ń gbóná bí ààrò. Omi lásán tó bá mu, yóò bì í. Gìrì ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ màmá mi rí, nítorí náà wọn ò lè jókòó, wọn ò lè dìde.

Tísà ni bàbá mi, gbogbo àdúgbò ló sì ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ oògùn, torí pé wọ́n gbọ́ òyìnbó. Ẹ wá wo ìwòsàn! Bí orí bá ń fọ́ ọ, wọn á lọ hóró oògùn, wọn á fi omi pò ó, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ níwájú orí. "Oògùn ò mọ̀nà," ni wọ́n máa ń wí, "ibi tó ń dunni là ń gbé e sí."

A gbé Dàpọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fún wa ní oògùn méjì, funfun, tó rí bí ìka ọmọdé, ó ní ìdí ni kí a tì í sí.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Orí ọmọ ń jó, ẹ ní ìdí!"

"Tísà, gbogbo ohun tó gba ẹnu wọlé ló ń bì. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ náà, òun ni yóò gbé e kiri ara. Ọ̀nà kan ò wọjà."

A délé, bàbá mi fi ọ̀kan pa iwájú orí Dàpọ̀. Ó yọ́, ó ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, orí ń dán bí ẹni fi àdín para. Ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tísà gba iléèwé lọ, wọn ò fẹ́ pẹ́ lẹ́yìn agogo.

Màmá mi ti ilẹ̀kùn. "Dúpẹ́, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú." Wọ́n ti èkejì síbi tí Nọ́ọ̀sì wí, èmi ń sunkún. Nígbà tó fi di ọ̀sán, òógùn ti bo Dàpọ̀, ó ń bèèrè ẹ̀kọ.

Bàbá mi dé, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín!"

Màmá mi ṣẹ́jú sí mi. "Ẹ ṣeun, Bàbá Dúpẹ́," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà, ìyá tó bá gba irú oògùn yẹn, ọ̀dọ̀ Tísà ló ń kọ́kọ́ yà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́. Lónìí, apoògùn òyìnbó ni mí n'Ìbàdàn. Ọ̀nà tí oògùn ń gbà dénú ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé látàárọ̀ dalẹ́, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Nígbà Kérésì tó kọjá, bàbá mi tún ń sọ ìtàn náà fún ìyàwó Dàpọ̀, ọmọ tirẹ̀ ń gbóná lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí mi: "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wo bàbá mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."