Ìwé Tí Mo Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Títí di òní, inú ara mi ṣì ń bí mi. Èmi gan-an ni mo yan ètò kọ̀ǹpútà yẹn.

Àwa mẹ́ta péré là ń ṣiṣẹ́ níbi tí èrò ti ń wọkọ̀ ní àdúgbò Nukafu: ọ̀gá, èmi, àti obìnrin kan tó jù mí lọ, tí mò ń pè ní àǹtí. Ọkọ̀ wa ń lọ sí Kútọnu níhà ìlà oòrùn àti Gánà níhà ìwọ̀ oòrùn. Ìwé ọmọ iléèwé ni àǹtí fi ń kọ èrò sílẹ̀: "Ìyá Ẹlẹ́kọ, aṣọ pupa, Kútọnu." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà, mo ní ìwà ará oko nìyẹn. Mo gba ètò kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ti Faransé dé, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì ńlá ń lò. Ẹni mẹ́ta! Ṣekárími ló ń dà mí láàmú. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì ti ìwé àǹtí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ètò ọ̀hún kì í gba èrò wọlé láìsí orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí, kò sì sí àyè fún orúkọ bí Ìyá Ẹlẹ́kọ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà Hédzranawoé á ní, "Ọdún tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí wa ni wọ́n bí mi." Mo wá ń tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún gbogbo wọn. Orúkọ bàbá ńkọ́? Mo tẹ X. Ẹ̀rọ gbà á, inú mi dùn. Òmùgọ̀!

Ìyanṣẹ́lódì dé, ìlú dàrú, ìbọn ń dún, kálukú ń sá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Bonjour, ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, bá ọkọ̀ yín lọ lánàá. Ibo ló gbà? Ibi tó lọ ni mo fẹ́ lọ."

Àǹtí kò wá síṣẹ́ lánàá. Èrò tó kọjá níwájú mi pọ̀ débi pé n kò rántí ojú ẹnì kankan. Mo wo kọ̀ǹpútà. X rẹpẹtẹ ló jáde, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn, àwọn kan lọ Kútọnu, àwọn kan lọ Gánà. Ọkọ̀ Gánà ń fọn fèrè, a ò sì mọ̀ bóyá òmíràn á tún lọ. Ìyá náà ní àbúrò òun wà ní Gánà, bóyá ibẹ̀ lọmọ òun wà. Ó wọkọ̀.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú ìwé, mo kọ ọ́: "Ìyá tó bí Ìyá Ìbejì, ìborùn búlúù, Gánà."

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Ìbejì ti Kútọnu dé, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan lọ́wọ́, ó ń wá ìyá rẹ̀. Mo fi ìwé náà hàn án, mo kà á fún un.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tèmi dà?"