Ìbọn Bàbá Ọdẹ àti Táǹkì Alága

Iṣẹ́ géètì ni mo bá dé Ìkòtún, kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ bàbá mi sì ni àwọn ọdẹ àgbègbè wa máa ń gbé ìbọn ṣakabùlà wọn wá tí ó bá ti bàjẹ́. Nígbà tí mo kó ẹ̀rọ ìjórin mi dé ẹ̀gbẹ́ títì, mo pinnu pé mi ò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Wẹ́dà ni kí wọ́n máa pè mí. Ìyàwó mi ló tú àṣírí. Ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó ọdẹ kan jọ ń to omi, ìyẹn ń ráhùn pé ìbọn ọkọ òun kò dún mọ́, ni tèmi bá fọhùn pé, "Ìbọn? Ṣebí iṣẹ́ ìdílé ọkọ mi nìyẹn." Kí oṣù tó parí, ìbọn mẹ́ta ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Mi ò rọ ìbọn tuntun rí o, ẹ má torí mi pe ọlọ́pàá. Títúnṣe ni tèmi, ti ẹni tí ìwé ẹ̀ bá sì pé nìkan.

Òfin kan ni bàbá mi kọ́ mi kó tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọmọ owú mú. Ó ní ìbọn yòówù tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀tù wà nínú ẹ̀. Bí ẹni tó gbé e wá bá fi Kùránì búra pé òfìfo ni, ẹ̀tù wà nínú ẹ̀. Àfi tí mo bá fi ojú ara mi rí ìdí ẹ̀.

Òfin yìí ló yọ ọ̀gá kan láti Akowonjo, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń fi sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tí yóò le gbagidi. Ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ ló jogún. Ó ní kí n bá òun nù ún kó máa dán, kí àlejò lè máa rí i. Mo bi í léèrè ibi tó gbé e sí látọjọ́ yìí.

Ó ní, "Pálọ̀ mi ni. Ìyàwó mi ló ń fi kọ́ kọ́tìnì."

"Ẹ̀tù ò sí nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀tù bíi ti báwo? Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí kọ́tìnì ti wà lórí ẹ̀!"

Mo kọjú ẹnu ìbọn sí òkìtì yanrìn, mo rọ omi kún inú ẹ̀, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dé, ojú ẹ̀ ni mo ṣe fi irin ha inú ẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú kọ́kọ́ jáde, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọta tẹ̀ lé e, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀wà. Ọ̀gá náà wo ilẹ̀, ó wò mí.

Mo ní, "Ọ̀gá, níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí yẹn, kí ni ẹnu ẹ̀ dojú kọ?"

Ó ronú díẹ̀. "Àga tí mo máa ń jókòó sí wo bọ́ọ̀lù."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó yọ fóònù, ó pe ìyàwó ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi í léèrè ni pé, "Jọ̀ọ́, ta ló yan ibi tí àga mi máa wà?"

Ṣùgbọ́n ti Bàbá Ọdẹ ni mo fẹ́ sọ. Òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ará Òkè-Ògùn, bàbá gíga tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó sì ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá kí ọ, á kì ọ́, á kí bàbá rẹ, á kí ẹni tó bí bàbá rẹ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ìbọn ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, àwọn olè gbé jẹnẹrétọ̀ méjì lọ ní ojúlé tó kángun sí ibi tó jókòó sí. Ẹni tó rí wọn ní Bàbá Ọdẹ tiẹ̀ dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ wá ọdẹ tó ṣì lágbára. Alága wa, ọ̀gá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju méjì lọ, ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ní Sátidé ìmọ́tótó tó ń bọ̀, tí gbogbo ilé bá ti gbálẹ̀ tán, kí Bàbá Ọdẹ wá yin ìbọn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré níwájú ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Tó bá dún, iṣẹ́ ṣì wà. Tí kò bá dún, ó dìgbà.

Ọjọ́ Tusidé ni Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn náà wá. Ó wé e sínú àpò ṣìmẹ́ńtì.

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "kò sí nǹkan tó ṣe é o. Òtútù ló mú un."

Ìdí ìbọn náà ti là sí méjì, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ló fi dì í. Sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ débi pé tí o bá fa irin, òòlù kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ á rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìyá àgbà tó fẹ́ jókòó. Mo rọ omi sí ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin bàbá mi, omi kò wọlé. Mo fi irin ti inú rẹ̀. Ilé agbọ́n tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ jáde, ó le bí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ìyẹn, pákò kan jáde, odindi, tí wọ́n ti jẹ lẹ́nu.

Mo ní, "Bàbá, pákò yín rèé."

Ó gbà á, ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Háà! Mo fẹ̀sùn èyí kan ìyàwó mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Mo rọ sípíríǹgì tuntun, mo fi igi gbẹ́ ìdí ìbọn. Kí n má parọ́, irin ni mo mọ̀, mi ò mọ igi. Ìdí ìbọn náà wọ́, ó sì ga lápá kan ju ìkejì lọ. Nígbà tí Bàbá Ọdẹ wá gbà á, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò rí iṣẹ́ tó dára tó báyìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ bàbá mi ti wá bà lé mi.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àga ti wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alága, kòtò ìdọ̀tí ṣì ń rùn, gbogbo èèyàn mú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì dání. Alága jókòó síwájú, akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Ọdẹ wọ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ki ìbọn náà.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló ń bá ọ fọ eyín?"

Mo bá yẹ̀ sẹ́yìn. Ó da ẹ̀tù sí i, ó fi ọ̀pá ìkìbọn gún un, gìdì, gìdì. Kò fi ọta sí i, torí ìró nìkan la fẹ́. Ó gbé ẹnu ìbọn sókè, síbi tí kò sí ẹnì kankan, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mo ti gbó, ẹ di etí yín!"

Kọ́ọ̀! Òòlù gbá, kò dún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé yọ ọwọ́ kúrò létí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dún.

GBÀÀÀ-Ù!

Mi ò rí ẹni tó sá àti ẹni tó dúró, torí ìsàlẹ̀ àga ni mo bá ara mi. Èéfín bo gbogbo wa. Akọ̀wé ti dé ojúlé kẹta, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ tábìlì. Nígbà tí èéfín yóò fi tú, a gbọ́ nǹkan kan tó ń dún ṣọ̀ọ̀ọ̀. A wòkè. Orí irin gíga tí èmi fúnra mi jó fún alága ni táǹkì omi rẹ̀ wà, tuntun, kò tíì pé oṣù kan. Ọ̀pá ìkìbọn ti wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì há síbẹ̀ bí igi tí wọ́n fi gún ẹran súyà. Omi ń tú jáde lójú ihò méjèèjì.

Àwọn obìnrin tí kò rí omi fà láti ọjọ́ mẹ́rin kò wojú ẹnikẹ́ni. Báàfù, kẹ́ẹ̀gì, ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Ìyá kan ń wẹ ọmọ ẹ̀ níbẹ̀.

Alága dìde, omi ń kán sí i lórí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ: "Wẹ́dà! Kí nìyí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi: bàbá yìí ló gbàgbé ọ̀pá sínú ìbọn, ọwọ́ mi mọ́. Mo yíjú láti nawọ́ sí i. Bàbá Ọdẹ dúró síbi tó wà, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ ìbọn, níbi tí ọ̀pá máa ń wà, ó ń wá a, kò rí i. Omi ń dà níwájú rẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó kọjú sí ibòmíràn, ó ń bi ògiri léèrè pé, "Ó dún, àbí kò dún? Kí ni omi ń ṣe níbí?"

Mo rántí àwọn olè tó kí. Mo rántí bó ṣe fọwọ́ tọ́ ìdí ìbọn tó wọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti dé ẹnu mi yí padà.

Mo ní, "Alága, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Sípíríǹgì yẹn le jù. Mo máa dí táǹkì yín lónìí."

Wọ́n bú mi dáadáa. Mo gun irin náà, mo fa ọ̀pá yọ, mo yọ́ ike dí ihò méjèèjì. Ó sì yà mí lẹ́nu pé wọn kò lé Bàbá Ọdẹ. Àdéhùn ni àdéhùn, ìbọn dún.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fáìlì tí mo fi ń ha irin sókè. "Bàbá, kí ni mo mú dání?"

"Ìwọ tó mú un, o ò mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ sọ ọ́ jàre."

"Èmi kì í dá sí nǹkan tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Ìka mélòó rèé?"

"Èyí tí Ọlọ́run fún ọ náà ni."

Ìyàwó rẹ̀, tó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ní, "Wẹ́dà, ẹ má da ara yín láàmú. Jíìpù alága ló kí láàárọ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un."

Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní ojú òun ti ń ṣú láti nǹkan bí ọdún méjì, ó ń dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú ọ̀rá. Tí wọ́n bá mọ̀, ta ló máa gba afọ́jú ṣọ́ àdúgbò? Bó ṣe ń sọ ọ́, kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀, èmi náà kò sì rẹ́rìn-ín. Mo kàn ní ó máa tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù ní Igando lọ́jọ́ Mọndé.

Ọsibítù ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú rẹ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́. Ó ṣàròyé láti ilé dé ibẹ̀, láti ibẹ̀ dé ilé. Wọ́n ṣe ojú kan, nígbà tó yá wọ́n ṣe ìkejì. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní, "Nígbà wo lo di arúgbó?" Ìyẹn ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ ń kí jíìpù."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé ìbọn rẹ̀ tó wà lára ògiri, ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó.

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ta ló ṣe ìdí ìbọn yìí?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ yìn mí sí i."

"Mo yìn ọ́? Lórí èyí tó dà bí ẹsẹ̀ àga tí màlúù tẹ̀ yìí?" Ó ní kí n tú u níṣẹ̀ẹ́jú yẹn. Ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà kan, ó sì dúró tì í títí ó fi gbẹ́ òmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó sọ fún wọn pé Wẹ́dà kò jẹ̀bi, òun ló gbàgbé ọ̀pá, torí òun ò ríran nígbà yẹn, òun sì ti ríran báyìí. Láti fi hàn wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbàwọ́n ara aṣọ wọn níkọ̀ọ̀kan, títí tí alága fi ní kó jókòó. Alága bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ méjì náà nìyẹn. Wọ́n wá fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ìbọn ní ìpàdé mọ́.

Olè kò tún wọ àdúgbò wa fún ìgbà pípẹ́. Mi ò mọ ìdí ẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún, tí onípákì kan, agbèrò ibùdókọ̀, ń ròyìn fún ẹni kejì rẹ̀ pé ọdẹ kan wà lọ́hùn-ún tí kì í lo ọta. Ó ní irin gígùn ló ń yìn, ó ń dúró ní Igando, ó sì ń dá táǹkì lu ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ẹni kejì ní, "Irọ́ ni jàre."

Onípákì ní, "Bi bàbá tó jókòó tì ẹ́ yìí. Bàbá, ẹ ò gbọ́ nípa ẹ̀ ni?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ríran dáadáa báyìí, pé tẹ́lẹ̀, àfojúbù ló fi ń yìn ín.