Kókó Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Mobọ́lájí Kọ

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń pe Àǹtí Mobọ́lájí ní òpònú, ẹ bá mi gbá a létí. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Mowe. Kò ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, kò sì bímọ. Àwọn ọmọ yẹn nìkan ló ní láyé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kí èèyàn dì mú lọ sílé. Bó ṣe ń ka gbogbo ìwé nìyẹn, ì báà ṣe ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ọ̀gá tó ni ilé-ìwé wa ní kí gbogbo àwa tí a kò ní ìwé-ẹ̀rí wá ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò lọ. Ó gé ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn, ó pín ẹ̀dà rẹ̀ fún wa, ó ní ká kà á, ká kọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ òyìnbó gbẹ́ ihò gígùn sábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú kí àwọn ohun bíńtín tí ojú kò lè rí máa kọlu ara wọn níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí gbogbo nǹkan ayé fi wà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí tètè parí. Nígbà tí ọ̀gá bọ́ síta lọ gba fóònù, Àǹtí ti bébà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ohun tó kọ ni pé: Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀, kí ọmọ aráyé rẹ ara wọn sílẹ̀.

"Ṣàkírù, ó dáa àbí?"

Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Àmọ́ Mùsùlùmí ni mí, ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún Kìrìsìtẹ́nì tó tó ẹ̀gbọ́n mi pé kó pa orúkọ Ọlọ́run rẹ́. Irú rẹ̀ máa ń di ìjà ládùúgbò wa.

"Ó dáa, Àǹtí," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bébà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kó máa kó ẹrù rẹ̀. Òdo ni wọ́n fún un. Èmi yege, wọ́n gbé kíláàsì rẹ̀ fún mi, ojú ò sì tì mí tó láti kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń bi mí pé ibo ni Àǹtí wà.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ibafo, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ti rù. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń ka ọ̀rọ̀ náà, òun ò rí ibi tóun ti ṣì í.

"Àǹtí, ohun tí oníwèé ń sọ lọ́tọ̀, ohun tí ẹ kọ lọ́tọ̀. Ẹ dárí jì mí, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà."

Ká ní ó tiẹ̀ ṣépè fún mi ni, ì bá tù mí lára.

"Ṣàkírù," ló wí, "ṣebí mo bi ọ́?"