Igbá Omi fún Ẹni tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Gùn Jù

Ní ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń sá tẹ̀lé ìyá ìyá mi kiri ní abúlé wa lọ́nà Bétérou, àlejò tó bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀ kì í gun orí pèpéle. Abẹ́ igi máńgòrò ńlá tó wà nítòsí kànga ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí fún un. Mo rántí ọkùnrin kan tó máa ń gun alùpùpù wá kọ́ wa bí a ṣe ń gbin kàjú. Yóò sọ tirẹ̀ tán, yóò nu ojú rẹ̀, yóò ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín." Ìgbà náà ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe ń lọ fún yín, torí ohun tí mo rí ní Tchaourou lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń rí mi lára títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè á dìde, á ṣí fìlà, á kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àlejò: "Ẹ ní kí a má gbin igi kàjú sún mọ́ra. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn." Bí kò bá gbọ́ ọ dáadáa, àwọn tó jókòó tì í á tún un ṣe fún un kó tó béèrè. Bí ìbéèrè bá wá ń gùn, tó di ìtàn ìrìn àjò àti ìyangàn, ìyá ìyá mi á bu omi tútù sínú igbá, á rọra gbé e lọ bá onítọ̀hún. Kò ní sọ nǹkan kan. Gbogbo abúlé ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọ̀fun rẹ á ti gbẹ, mu omi kí o sì jókòó. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìjà.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti Kumasi dé dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tó wọ̀ lọ, ó dé orí ọkọ̀ tó wọ̀ bọ̀, a kò tíì gbọ́ kàjú lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe rí igbá omi tó ń bọ̀, ó ti jókòó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Àwa ọmọdé fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Opó kan tó ti ń wá àyè látàárọ̀ wá dìde, ó béèrè ohun tó ń jẹ ewé igi rẹ̀, wọ́n dá a lóhùn, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ti òde òní. Dókítà obìnrin kan wá láti Parakou sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní Tchaourou lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, ó wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa etí àwọn ọmọdé. Ẹ gbọ́ o, etí! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ó yé mi, ó sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dé Kika kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó tì mí lẹ́bàá ògiri, ó pọn ọmọ kan tó ti ń dá jókòó. Kò tíì pẹ́ tí dókítà ní ká béèrè tí ọ̀dọ́bìnrin náà fi na ọwọ́ sókè. Àwọn tó ń gbé míkírò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kiri kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé igi ni.

Ọkùnrin kan níwájú ló kọ́kọ́ gba míkírò. Ó kí olóyè, ó kí aṣojú, ó kí àwọn tí kò wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé òun wá. Kò béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni géńdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé gbé fóònù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó máa ya òun. Ó kọ ẹ̀yìn sí dókítà, ó kọjú sí fóònù, ó ń tú Faransé jáde. Nígbà tó sọ ọ́ dé ìdajì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fóònù kò tíì ká a. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, "Madame le docteur, bonsoir"? Mo bojú wo ọ̀dọ́bìnrin ẹ̀gbẹ́ mi, ó ti fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ró.

Mo dìde. Mo bu omi nínú kúlà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife lọ bá géńdé náà, bí mo ṣe rí i tí ìyá ìyá mi ń ṣe. Mo rò pé ojú á tì í. Ó gba omi náà, ó mu ún tán pátápátá.

"Mèsí, tata," ló wí, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó wá kọjú sí fóònù. "Ẹ rí i! Ìyá wa fúnra wọn ló dìde fún mi lómi. Ìlú wà lẹ́yìn mi!"

Gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo padà síbi ìjókòó mi.

Kò jókòó títí awakọ̀ dókítà fi fọn fèrè. Dókítà kó ẹrù rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ọkọ̀ ṣí. Àwọn kan ṣì ń bá géńdé náà bọwọ́. Mo bi ọ̀dọ́bìnrin náà ní ohun tó fẹ́ béèrè.

"Tata, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè yẹ etí ọmọ mi wò báyìí, àbí kí n dúró kó dàgbà," ló wí. "Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í yíjú. Gbogbo àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ wò ó, kò tilẹ̀ ta pútú lójú oorun."

Mo ní kó jẹ́ ká jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká lọ wá dókítà náà rí. Ó ní òun á bi ọkọ òun.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Láyé tiwọn, ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ abéèrè, igbá omi kan tó láti mú un jókòó, nítorí ojú ń tì wá fún ara wa. Lóde òní, ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n á mu omi yẹn tán, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn fẹ́ béèrè kò gùn ju ìgbà tí géńdé náà fi mu omi mi lọ.