Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Dé Abíjàn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo di ẹrù mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní èrò mọ́tò Abíjàn ò tíì pé. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ẹnu ibodè ò dára lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ibà ló mú awakọ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá á ní, "Ará Abíjàn, o ò tíì lọ ni?" Màá ní ó di ọ̀la. Ó tó oṣù kan gbáko tí mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la.

Ẹ̀jìgbò ni wọ́n bí mi sí, n ò sì gbé ibòmíràn rí títí mo fi lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún. Ibi tó jìnnà jù tí mo mọ̀ ni Òṣogbo, níbi tí mo ti máa ń bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán lọ ra òwú. Bí kì í bá ṣe Òṣogbo, ìlú Ara tó wà nítòsí wa ni, tí a bá fẹ́ lọ wọn aṣọ fún ìyàwó tuntun. Ogun Bìáfúrà ti parí ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà nígbà náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan ládùúgbò wa tí kò léèyàn ní Abíjàn. Tí wọ́n bá wálé fún Iléyá, ìrìn wọn yàtọ̀, òórùn ọṣẹ ara wọn yàtọ̀, wọ́n á sì máa fi èdè Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú wa kí á má baà gbọ́. Mo jowú wọn, kí n má parọ́. Tí mọ́tò wọn bá ti ń padà lọ, màá dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò ó títí eruku rẹ̀ á fi rọlẹ̀, inú mi á wá bàjẹ́ di ọjọ́ kejì.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Àjàmé. Àwọn ló ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé àwọn obìnrin wa tó wà níbẹ̀ ń wá ẹni tó mọ bùbá rán. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé, ní kò burú, kí n lọ. Ó wá ku ìyá mi. Ìyá mi ò ní kí n lọ, wọn ò sì ní kí n má lọ.

Èmi nìkan ló kù fún wọn. Ọmọ méjì tó ṣáájú mi, wọn ò dúró. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan a wà lóko lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, èmi àti ìyá mi, à ń wa pákí. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ rí sí ìrìnàjò mi yìí?"

"Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn sún mọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹ fọwọ́ sí i tàbí ẹ ò fọwọ́ sí i."

Wọ́n na ẹ̀yìn wọn, wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Èmi àti àbúrò mi la jọ máa sọ ọ́. Mo máa sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un. Ohun tí mo bá ní kó ṣe, òun ni yóò ṣe."

"Èmi tí mò ń lọ gan-an ńkọ́?"

"Ìwọ lo máa gbé e fún un."

Bí a ti ń ṣe láyé ìgbà náà nìyẹn. Lẹ́tà ń fẹ́ ẹni tí yóò bá èèyàn kọ ọ́ àti ẹni tí yóò bá èèyàn kà á, ojú méjèèjì ló sì máa mọ àṣírí ẹni. Ẹnu lásán ni kásẹ́ẹ̀tì ń fẹ́. Ẹni tó bá ń lọ ni wọ́n á fi rán, tó bá sì dé ọ̀hún, àwọn ará Ẹ̀jìgbò á kóra jọ láti gbọ́ ohùn ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹjọ́ tèmi ni wọ́n fẹ́ kí n gbé sápò, kí n máa gbé e lọ láti ìlú dé ìlú, láìmọ bí wọ́n ṣe dá a. Inú bí mi débi pé mo ṣá ara mi lọ́kọ́ lẹ́sẹ̀.

Bàbá kan tó ti Abíjàn dé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ní ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n gbé e wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ní kí n wá wò ó dáadáa torí èmi ni mò ń lọ: bọ́tìnnì kan nìyí, téèyàn bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, bọ́tìnnì pupa nìyí, òun àti èyí tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ téèyàn bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀. Mò ń mi orí, etí mi wà lójú títì. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbá ọwọ́ mi kúrò. "Dúsúmọ̀ọ́, dúsúmọ̀ọ́," ni wọ́n wí. Bí àwọn ará Abíjàn ṣe ń sọ pé kéèyàn rọra nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n rọra nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ kí àwọn ará ọ̀hún, ìkíni wọn dà bí ti ẹni tó ń ṣe wáàsí. Àwọn ìyàwó ilé kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tó kan ìyá mi, wọ́n ní kí gbogbo wa jáde, títí kan ẹni tó lẹ́rọ. Ẹni tó lẹ́rọ tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ó bọ́ síta bá wa. Mo lẹ etí mọ́ ògiri. Ikọ́ wọn ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn tó ń lọ bọ̀ nílẹ̀, n ò mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó pẹ́. N ò mọ̀ pé ìyá mi lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́.

"O ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ," ni wọ́n wí.

Mo ní mo gbọ́.

Mọ́tò wá gbéra lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo ti di ẹrù nígbà kẹrin. Kò pẹ́ tí a kúrò ní Ẹ̀jìgbò tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ó ṣe kù sí. Awakọ̀ ní tí mo bá tún béèrè kí a tó dé Èkó, òun á sọ̀ mí kalẹ̀. Mo gbé àpò lé itan, mo ń fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà látòde. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí wọ́n dá mi padà ńkọ́? Mo ti dágbére fún gbogbo ìlú. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún ẹlòmíràn. Ojú wo ni màá fi tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá? A kọjá ibodè, a kọjá Kútọnu.

Ní Lómè, wọ́n ní mọ́tò ń fẹ́ àtúnṣe, kí a lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀sán gangan ni. Ọkùnrin kan nínú wa tó ń kó obì lọ ní ẹ̀rọ tó dà bí ti bàbá iwájú ilé wa. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ kó yá mi, ó yá mi, ó sì lọ wá oúnjẹ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kí àwọn èèyàn. Mo yí i síwájú. Àwọn ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín. Mo tún yí i síwájú. Mo gbọ́ ikọ́ kan, lẹ́yìn náà ìyá mi ní, "Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bi, tí wọ́n ká mi mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò yẹn. Mo dá a dúró. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wá tún tẹ̀ ẹ́ láìwo bọ́tìnnì. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá wọ́n ń ronú ni. Mo dúró. Mo gbé e sétí. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ìyá mi, ẹ sọ̀rọ̀ ná." Mo dúró títí, mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìgbà tí olóbì padà dé tòun ti ìrẹsì lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ wò ó, tó ní kí ni bọ́tìnnì pupa ń wá nílẹ̀.

Mo jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ti fi ohùn ara mi pa ohùn ìyá mi rẹ́. N ò jẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́ láti mọ̀ bóyá ó ku nǹkan kan. Láti Lómè la Gánà já títí dé Abíjàn, ẹnu mi ò là, awakọ̀ sì ní ẹni tó ń béèrè ọ̀nà dà.

Mo rò pé àbúrò ìyá mi á gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Rárá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n pe àwọn ará Ẹ̀jìgbò jọ sí àgbàlá wọn, ó tó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí wọn nínú ẹ̀rọ, wọ́n dáhùn bí ẹni pé wọ́n jọ wà níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kí wọn, obìnrin kan bú sẹ́kún. Ìyá mi ní, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Àbúrò wọn ní, "Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ. Ohùn tèmi ló wá jáde. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ìyá mi, ẹ sọ̀rọ̀ ná. Gbogbo àgbàlá yà sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ-Sọ̀rọ̀-Ná ni wọ́n ń pè mí ní ọjà Àjàmé, àwọn kan ò tilẹ̀ mọ orúkọ mìíràn fún mi.

Àbúrò ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí mi, mo rí i pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ líle. Ìgbà náà ni ohùn ìyá mi tún padà, ní ìparí rẹ̀: "Tó bá sì jẹ́ pé ó ti gbọ́ èyí lójú ọ̀nà, má bá a jà. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ pé kò lè dúró. Ó parí o, àbúrò mi."

Àbúrò ìyá mi pa ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹni tó ní kí àwọn má bá mi jà, ó ti fi mí lé àwọn lọ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ jẹun. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún àwọn tó wà nílé ní Ẹ̀jìgbò pé mo ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Wọ́n gbà, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo àgbàlá. Mo jẹun, mo sì sùn.

Ọdún méjì ni mo lò kí n tó wálé. Mo ráṣọ rán, mo gbọ́ Faransé, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe àbúrò ìyá mi ní kàyéfì. Gbogbo ẹni tó bá ti ilé dé, wọ́n á bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé wọn ò ní kí ẹ kí mi?" Ẹni yẹn á ní wọ́n ní kí òun kí ọmọ wọn. "Èmi ńkọ́?" Ẹni náà á ní ohun tí wọ́n rán òun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń gbọ́ ọ, màá sì tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tí mò ń lọ sílé fún Iléyá, àbúrò ìyá mi kó àǹkárá àtàtà kan fún mi pé kí n fún ẹ̀gbọ́n àwọn. Ìyá mi gba ọṣẹ tèmi, wọ́n gba ìborùn tèmi. Ìgbà tí mo gbé àǹkárá jáde, tí mo ní àbúrò wọn ló ní kí n kó o wá, wọ́n yíjú.

"Dá a padà fún un."

"Kí ló ṣe yín sí i?"

Ìyá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara wọn. "Ẹ̀yìn mi yìí ló sùn sí títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. N ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ láyé mi. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo máa tọrọ, mo ní kí ọmọ mi ṣe oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè là, kó wá dá a padà fún mi, pé n ò lè dá gbé inú ilé yìí. Mo ka oṣù mẹ́ta. Mo ka òmíràn. Kò dá a padà, kò tilẹ̀ fèsì."

Mo lè dákẹ́. Kí n sọ òtítọ́, mo rò ó. Mọ́tò ń padà ní Sátidé tó ń bọ̀, ọdún méjì ti kọjá, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun pé ìyá mi fi ọdún méjì bínú sí àbúrò wọn nítorí ìwà mi. Mo dìde, mo lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ bàbá iwájú ilé. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nísàlẹ̀ àpò mi, n ò mọ ìdí tí mo fi ń gbé e kiri.

Ìyá mi gbọ́ tiwọn: "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Wọ́n gbọ́ tèmi, bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn mọ́tò kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo rí i bí ó ṣe yé wọn. Wọ́n kọjú sí mi, ẹnu wọn ti là, ọwọ́ wọn ti gbéra. Ẹ̀rọ náà ní, "Má bá a jà. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ pé kò lè dúró."

Ọwọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àǹkárá àbúrò àwọn wá. Wọ́n tẹ́ ẹ lé itan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, wọn ò wo ojú mi.

"Oṣù mẹ́ta ni mo ní," ni wọ́n wí. "Fún mi ní oṣù mẹ́ta mi nínú ilé yìí kí o tó padà."

Mo wọ yàrá lọ, mo tú ẹrù mi.