Ọwọ́ Tó Ń Rẹ́ Ilé Bàbá Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgàndò, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ sópin, tí àkọ́rọ̀ òjò kò tíì dé, gbogbo ọmọbìnrin ilé wa ló máa ń padà wálé. Ẹni tó wà nílé ọkọ ní Ìkòtún á wá, ẹni tó wà ní Ìpájà á fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kì í ṣe ọdún ló gbé wọn wá, kì í sì í ṣe òkú. Ilé ni wọ́n wá rẹ́. Amọ̀ ni bàbá bàbá mi fi kọ́ ilé náà, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé bí ọyẹ́ ṣe ń la ètè èèyàn ló ń la ògiri amọ̀. Bí a kò bá tètè rẹ́ ẹ, òjò á gba ibi tó là wọlé.

Àwa ọmọdé là ń wa amọ̀ pupa létí odò. Apẹ̀rẹ̀ la fi ń rù ú, omi rẹ̀ á máa ro sí wa lójú, á máa ro sí wa lọ́rùn. Màámi á lọ tọrọ ìgbẹ́ màlúù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní. Wọ́n á ti rẹ igi ilá sómi láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, títí omi náà á fi máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. A ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wọ inú rẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni eré wà. À ń yọ̀, à ń ṣubú, à ń ju amọ̀ lu ara wa, títí ẹnì kan á fi gba ìgbájú. Ègbo àti ẹ̀wà ni wọ́n máa ń sè lọ́jọ́ náà, epo á pọ́n lórí rẹ̀. A ó jókòó yí àwo kan ká, òórùn màlúù lọ́wọ́ wa, a ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọwọ́ lásán la fi ń rẹ́ ẹ. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n ní kí n dá ògiri yàrá Màámi rẹ́. Eré ló wà lọ́kàn mi. N kò gbọn eruku ibi tó là kúrò, n kò fi omi rin ín, mo kàn lẹ amọ̀ mọ́ ọn. Màámi wá wò ó. Ó fi èékánná kan ṣoṣo ha á, amọ̀ náà sì ṣí kúrò bí èèpo iṣu sísè. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síwájú ògiri, kí n nawọ́ sókè, títí àwọn yòókù fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, kí n tún un rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ògiri tí o bá rẹ́ kí èèyàn lè rí i, òjò máa rí ìdí ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin ilé kì í bá wa dá sí i. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa sọ fún wa ibi tí a fò.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sílé bàbá mi, yàrá Màámi náà ni mo sì wọ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń pe àwọn tó kù nínú wa, a sì ń rẹ́ ẹ. Gbogbo àdúgbò ti di búlọ́ọ̀kù àti géètì onírin. Àwọn aládùúgbò á ní, "Ìyá Rìsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ta ilé yìí jàre, kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù." Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ṣọ́ọ̀bù tiwọn ti yéé jò.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àbúrò mi Múfú, òun ni olórí ẹbí wa báyìí, wá sọ pé ìjọba ti kọ ilé wa mọ́ àwọn ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni àwọn àgbà ìlú ti kọ́kọ́ jókòó pinnu láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Wọ́n ta kànópì, wọ́n to àga, wọ́n ri pátákó irin mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Mo ní kí Rìsí ọmọ mi kà á sí mi létí. Orúkọ bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Mo bi Múfú pé àwọn ìyá wa ńkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó kọ́ ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Àwọn tí kò jẹ́ kó wó ńkọ́?"

"Ṣé ẹ tún fẹ́ kí wọ́n kọ pé ẹ po amọ̀ ni?"

Àwọn tó dúró tì í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí àlejò wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìjọba rán wá mọ èèyàn í pọ́n lé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá, láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri yìí o. Bó ṣe wà yìí gan-an la fẹ́ kó wà." Mo ní bí òjò bá dé ńkọ́. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ àwọn tó kàwé nípa ẹ̀ máa wá tọ́jú ẹ̀.

Ọyẹ́ mú, ọyẹ́ ń lọ, n kò rí òṣìṣẹ́ kankan. Sàrátù, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ìdímù, pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká máa bọ̀? Mo ti rẹ igi ilá o."

Mo ní, "Dà á nù. Kí àwọn tó wà lórí pátákó wá rẹ́ ẹ."

Lọ́dún àkọ́kọ́, ògiri náà là díẹ̀. Lọ́dún kejì, ìka mi ń wọ ibi tó là. Mò ń wò ó láràárọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀. Yàrá Màámi ló wó, ó sì bo bẹ́ẹ̀dì mi mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn padà wá, ó ya fọ́tò, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá, àwọn wo ló ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àwọn tiwa ò mọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ ẹ̀."

Mo ní n kò mọ̀ wọ́n.

Ọ̀dọ̀ Rìsí ni mo wà báyìí, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ògiri ibẹ̀ ń dán, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣe nǹkan kan. Láyé ìgbà tí mò ń wí, bí ilé bá là, a kì í wo ojú ẹnikẹ́ni ká tó wa amọ̀. Wọn kò kọ orúkọ Màámi síbì kan rí, ó sì ń rẹ́ ẹ títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Lónìí, à ń dúró kí wọ́n rí wa ká tó ṣiṣẹ́. Èmi náà dúró. Múfú ṣẹ̀ mí, ìjọba náà ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ara mi le lọ́dún méjèèjì yẹn, amọ̀ sì wà létí odò.